Iyọ̀ Ọ̀sà Èkó àti Àwọn Onímọ̀ Tí Ó Wádìí Rẹ̀, 1955 sí 1991

Omi tóóró tí ó gba iwájú Ọ̀jọ́ kọjá ni ó so Àgbádárìgì pọ̀ mọ́ ọ̀sà Èkó. Ẹni tí ó bá tọ́ omi ọ̀sà náà wò lóṣù Ẹrẹ́nà, tí ó sì tún un tọ́ wò lóṣù Ọ̀wàrà, yóò rò pé omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a máa gba ẹnu ọ̀sà wọlé; bí òjò bá dé, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti àwọn mìíràn a ti iyọ̀ náà padà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ìwádìí lórí iyọ̀ yìí ni ó jẹ́ kí a mọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn ti bá èpò orí omi jà, àti ibi tí omi fúnra rẹ̀ ti ń bá a jà.

J. E. Webb, Ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Iṣẹ́ márùn-ún tí òun àti M. B. Hill ṣe lórí ọ̀sà Èkó ni Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀ jáde ní 1958. Ẹranko kékeré kan tí kò léegun, tí ó ń fara pamọ́ sínú iyanrìn, ni ó gba àfiyèsí Webb jù: amphioxus, Branchiostoma nigeriense, tí òun fúnra rẹ̀ sọ lórúkọ ní 1955. Ọmọ rẹ̀ a bá omi òkun wọ inú ọ̀sà ní ẹ̀ẹ̀rùn, a wọ inú iyanrìn, a sì dàgbà. Bí iyọ̀ bá dínkù nígbà òjò, a kú. Ó lè dà bí ẹni pé irú ẹranko bẹ́ẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí kò sí apẹja tí ó ń dẹ àwọ̀n nítorí rẹ̀. Lójú tiwa, òun gan-an ni òṣùwọ̀n iyọ̀ ọ̀sà. Ó sì yẹ kí a rántí pé láti 1908 ni wọ́n ti ń fi òkúta ṣe ògiri sí ẹnu ọ̀sà kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Ọ̀nà ọkọ̀ ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà iyọ̀ ni pẹ̀lú.

Lẹ́yìn òmìnira, Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, gba iṣẹ́ náà ṣe. Ní 1969, C. I. O. Ọláníyan tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde lórí bí omi àti àwọn ohun ẹlẹ́mìí wẹ́wẹ́ inú àwọn ọ̀sà wa ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

Ìmọ̀ yìí wúlò ní 1984, nígbà tí wọ́tà háyásíǹtì, èpò tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, gba ojú omi láti ìhà Benin wọ omi tóóró Àgbádárìgì. Àwọ̀n kò ṣeé jù mọ́, ọkọ̀ kò sì rí ọ̀nà. Ọdún kan péré ṣáájú èyí ni wọ́n dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ sí Ọ̀jọ́, níbi tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja ti wà lónìí. Àpérò àgbáyé lórí èpò náà wáyé ní Èkó ní 1988. Kusemiju ti Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ kalẹ̀ níbẹ̀.

Nínú ọ̀sà Èkó, iyọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn a máa pa èpò náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jìnnà sí ẹnu òkun ni iyọ̀ ń dínkù. Ọ̀sà Ológe, tí kò jìnnà sí Ọ̀jọ́, Ìbá àti Okokomaiko, jẹ́ omi aláìníyọ̀. Èpò kò rí ẹni pa á níbẹ̀. Fún irú omi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá kòkòrò lọ: ní 1991, IITA tú Neochetina, tí ó ń jẹ ewé rẹ̀, sílẹ̀ sórí omi ní Benin. Títí di òní, èpò ṣì ń ti òkè wá lákòókò òjò, àwọn ọlọ́kọ̀ Ọ̀jọ́ sì ń fi àjẹ̀ wá àyè láàárín rẹ̀.