Ìtàn Tó Wà Nínú Awọ Kékeré Orí Ọ̀pá Sinúkà

Igi tí a bá fojú rénà ní í gúnni lójú. Ẹnu àwọn olùkọ́ wa ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí igi gún mi lójú ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá sinúkà ni igi náà.

Àbúrò bàbá mi, tí a ń pè ní Bàbá Kékeré, ní ṣọ́ọ̀bù sinúkà kan ní Ìbàdàn. Tábìlì méjì àti ọ̀pá mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Bàbá mi kò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá; wọ́n ní ibi tí àwọn ìpáǹle ti ń fi àkókò ṣòfò ni. Ṣùgbọ́n owó ibẹ̀ ni Bàbá Kékeré fi ń rán àwọn ọmọ wọn níléèwé. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, mo máa ń lọ bá wọn gbálẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ní kí n nu àwọn ọ̀pá. Mo fẹ́ kí wọ́n yìn mí, mo sì ṣe kọjá ohun tí wọ́n rán mi. Mo po omi ọṣẹ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo dorí ọ̀pá mẹ́rin kodò sínú rẹ̀, mo sì fi wọ́n síbẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo yọ wọ́n, igi ti wú, awọ orí mẹ́ta sì ti ṣí kúrò. Ẹ̀rù bà mí, mo bá sá wọn sóòrùn. Ìyẹn ló tún bà wọ́n jẹ́ jù. Bàbá Kékeré gbé ọ̀kan lé orí tábìlì, wọ́n yí i, ó sì ń fò sókè sódò bí ẹni tó ń tiro.

“Ta ló ń fọ igi bí ẹni fọ aṣọ?” Ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Wọn kò nà mí. Wọ́n mú ọ̀kan nínú àwọn awọ tó ṣí, tí kò tóbi ju orí ìka lọ, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. “Ṣé o mọ iṣẹ́ tí èyí ń ṣe?” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, n ò mọ̀.” Wọ́n ní, “Lọ wádìí rẹ̀ kí o tó tún fọwọ́ kan ọ̀pá mi.”

Ohun tí mo rí nìyí.

Sinúkà ni gbogbo wa ń pe eré náà ládùúgbò, ṣùgbọ́n púùlù gan-an ni èyí tí à ń gbá lórí tábìlì kékeré. Sinúkà fúnra rẹ̀ jẹ́ eré tí àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1875. Bílíádì ni bàbá àwọn méjèèjì. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, orí koríko ni wọ́n ti ń gbá irú eré bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé sórí tábìlì. Louis Kọkànlá, ọba ilẹ̀ Faransé, ní irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní koríko àtijọ́ yẹn ni aṣọ aláwọ̀ ewé orí tábìlì ń rán wa létí títí dòní.

Nígbà náà, igi olórí ńlá kan tó ń jẹ́ mace ni wọ́n fi ń ti bọ́ọ̀lù. Bí bọ́ọ̀lù bá lẹ̀ mọ́ etí tábìlì, orí ńlá náà kì í ráyè dé ìdí rẹ̀. Wọ́n á wá yí igi náà padà, wọ́n á fi ìrù rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Queue ni àwọn Faransé ń pe ìrù. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti rí cue tí wọ́n ń pe ọ̀pá náà. Bí ìrù ṣe di orí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n igi lásán le, ó sì ń yọ̀. Bí ènìyàn kò bá gbá bọ́ọ̀lù ní àárín gan-an, ọ̀pá á yẹ̀ kúrò lára rẹ̀. François Mingaud ni ìtàn fi ọlá àtúnṣe fún. Kápútéènì nínú ọmọ ogun Faransé ni, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú. Wọ́n ní inú ẹ̀wọ̀n náà ló ti ń gbá bílíádì, tó sì fi awọ sórí ọ̀pá. Ọdún 1807 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí. Awọ rọ̀, ó ń di bọ́ọ̀lù mú fún ìgbà kúkúrú tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, Mingaud lè gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, kí ó lọ kan èkejì, kí ó sì padà sẹ́yìn bí ajá tí olówó rẹ̀ pè. Ní 1827, ó tẹ ìwé jáde lórí eré náà ní Paris.

Awọ náà ń fẹ́ olùrànlọ́wọ́, torí pé bó bá dán jù, yóò máa yọ̀. Olùrànlọ́wọ́ náà ni ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì lásán ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi pa á. Ní ọdún 1897, William Spinks, ògbóǹtarìgì agbábílíádì ní Amẹ́ríkà, àti William Hoskins, onímọ̀ kẹ́míkà, gba ìwé àṣẹ fún irú tuntun tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú òkúta líle ṣe. Láti ìgbà náà, orúkọ ṣọ́ọ̀kì nìkan ló kù lára rẹ̀.

Nígbà tí mo ka ìtàn yìí tán ni ìtọ́jú ọ̀pá tó yé mi. Àtè ló so awọ mọ́ orí ọ̀pá. Omi á tú u. Igi ń mu omi, á wú, oòrùn á sì wá ká a kò. Nítorí náà, aṣọ gbígbẹ ni a fi ń nu ọ̀pá lẹ́yìn eré. Bí òógùn ọwọ́ bá ti mú un lẹ̀, a lè lo aṣọ tí a rẹ sómi tí a sì fún gbẹ dáadáa, kí a sì tètè fi òmíràn nu ún gbẹ. A kì í fi í ti ògiri fún ìgbà pípẹ́, nítorí ó lè tẹ̀. A kì í fi pépà ìyìnrìn há a ní gbogbo ìgbà, kí igi má baà tín-ín-rín. Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? A rọra ń fi í pa awọ lójú ni, a kì í lọ̀ ọ́ mọ́ ọn bí ata.

Mo ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Kékeré. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń lẹ awọ tuntun: a ó há ojú igi títí yóò fi tẹ́jú, a ó fi àtè sí i, a ó dì í pinpin di ọjọ́ kejì, a ó sì gbẹ́ ẹ títí yóò fi rí róbótó bí orí àtàǹpàkò. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin ló ṣe é tún ṣe. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn oníbàárà fi ń fi ọ̀pá mẹ́ta gbá tábìlì méjì, tí àwọn kan sì ń bínú lọ síbòmíràn. Mo ń rí ojú Bàbá Kékeré bí wọ́n ti ń ka owó lálẹ́. Títí ìsinmi fi parí, n kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ní Sátidé kan, bàbá mi wá mú mi lọ sílé. Wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń nu ọ̀pá, wọ́n ní kí ni mò ń ṣe. Mo sọ ìtàn ẹlẹ́wọ̀n tó fi awọ sórí igi fún wọn. Wọ́n dákẹ́, wọ́n gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo awọ orí rẹ̀ títí. Wọ́n wá bi àbúrò wọn pé, “Mélòó ni wọ́n ń ta ọ̀kan?”

Ọ̀pá mẹ́ta tuntun dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta tó wọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀kan ni Bàbá Kékeré fi ń sá aṣọ ìnura. Nígbàkúùgbà tí mo bá rí i, mo máa ń rántí pé ohun tí mo fẹ́ tọ́jú ni mo bà jẹ́, nítorí pé n kò kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe dá a.