Òǹtẹ̀ Ọba Dòsùnmú: Bí Ìwé Ṣe Wọ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ ní Èkó

Ẹni tí ó bá fẹsẹ̀ rìn láti Igbóbì lọ sí Ṣómólú àti Bàrígà yóò bá ìkọ̀wé kan pàdé lára ògiri: “Ilé yìí kì í ṣe títà.” Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́. Kì í ṣe àlejò tí ó ń wá ilé rà nìkan ni ìkọ̀wé náà ń bá wí. Ó ń bá ọmọ ilé tí ó lè kó ìwé lọ tà lẹ́yìn ẹbí wí pẹ̀lú. Ìjà tí ó wà láàrin ìwé tí orúkọ ẹnì kan wà lórí rẹ̀ àti ilẹ̀ tí ó jẹ́ ti gbogbo ẹbí ti pẹ́ ní Èkó.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dé, àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ ni onílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ilẹ̀ yóò gbé obì àti ọtí wá, àwọn àgbà yóò sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún un níwájú ẹlẹ́rìí. Iyè àwọn ènìyàn ni ìwé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1677 ti pa á láṣẹ pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ kí a sì buwọ́ lù ú. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 1750, ọlọ́rọ̀ ibẹ̀ kò jẹ́ fi ilẹ̀ lé àkọ́bí lọ́wọ́ láìjẹ́ pé lọ́yà kọ ìwé gbọọrọ tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Àṣà yìí ni ó bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó.

Ní ọjọ́ 6, oṣù kẹjọ, ọdún 1861, pẹ̀lú ọkọ̀ ogun Prometheus ní ẹ̀bá etíkun, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí àdéhùn tí ó gbé Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. “Docemo” ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí nínú ìwé náà. Àmì ni òun alára fi sí i dípò ìbuwọ́lù. Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí àdéhùn náà sọ nípa ilẹ̀: bí ilẹ̀ bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, òǹtẹ̀ ọba lára ìwé ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Níbo ni a wá fi àwọn Ìdẹ́jọ sí? Ọba kì í ṣe onílẹ̀, síbẹ̀ òǹtẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi dí onílẹ̀ lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé ilẹ̀ tirẹ̀, pàápàá ní àkókò Glover. Orúkọ ẹnì kan ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, bí àgbo ilé tilẹ̀ kún fún ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó àti ọmọ. Ẹni tí ó ní orúkọ yìí lè fi ìwé dógò lọ́dọ̀ oníṣòwò. Bí gbèsè bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, àwọn tí kò jẹ nínú owó náà ni yóò kó ẹrù jáde.

Ẹjọ́ tí ó lórúkọ jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá ní ọdún 1913. Ìjòyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, béèrè owó gbà-má-bínú. Ilé ẹjọ́ Èkó ní kì í ṣe onílẹ̀ ní kíkún. Ní ọdún 1920 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay, ẹni tí ó gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Elékòó lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì dá a láre ní 1921. Haldane, tí ó ka ìdájọ́ náà, sọ pé kò yẹ kí a máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ènìyàn wọ̀nyí: ti àwùjọ ni ilẹ̀, ìjòyè kàn ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni.

Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 wá fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ra ilé ní Igbóbì lónìí gbọ́dọ̀ wá ìfọwọ́sí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò pa ti ẹbí rẹ́. Bí ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ìmọ̀ràn àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, bí àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn bá tètè lọ sílé ẹjọ́.