Ìgbà Ara Là Ń Búra: Àsìkò Ilé-Ọmọ Nínú Ìtọ́jú IVF

Àwọn àgbà ní, "Ìgbà ara là ń búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn." Ìgbà òjò ni àrá ń sán, ohun tó bá bọ́ sí àsìkò ló ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀ràn oyún IVF, èyí tí a ń so ẹyin àti àtọ̀ pọ̀ lóde ara, rí. Ọlẹ̀ lè dára, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bá ilé-ọmọ nígbà tó ṣe tán láti gbà á, ìgbà náà kì í sì í ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lóṣù. Họ́mónù méjì ló ń pa àsìkò yìí mọ́. Ẹ́sítírójìn á kọ́kọ́ mú kí awọ inú ilé-ọmọ nípọn. Prójẹ́sítírọ́ònù á wá sọ ọ́ di ibi tí ọlẹ̀ lè so mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí prójẹ́sítírọ́ònù ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí èyí hàn gbangba ní Melbourne ní Ọsirélíà. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ gbé ìròyìn jáde nípa obìnrin kan tí ilé-ẹyin rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Wọ́n fún un ní họ́mónù méjèèjì ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, wọ́n fi ọlẹ̀ láti ara ẹyin obìnrin mìíràn sí i nínú, ó sì bímọ. Àwọn kan lè sọ pé ẹyin ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Òótọ́ ni pé àléébù inú ọlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fa ọ̀pọ̀ ìjákulẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin tó dára yẹn ì bá má wúlò fún obìnrin yìí bí họ́mónù kò bá tún ilé-ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, ṣé kí olúkúlùkù wá lọ ṣe àyẹ̀wò láti mọ wákàtí tí ilé-ọmọ tirẹ̀ gan-an ṣe tán? Wọ́n ti dán an wò. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2022 ní Amẹ́ríkà, ìdá 58.5 nínú 100 àwọn tó tẹ̀lé àyẹ̀wò náà ló bímọ. Ti àwọn tó tẹ̀lé àkókò tí gbogbo ayé ń lò jẹ́ 61.9. Àyẹ̀wò náà kò ṣàfikún kankan. Nítorí náà, ètò họ́mónù tó tọ́ ni kí tọkọtaya kọ́kọ́ náwó lé. Bí dókítà bá sì sọ pé awọ inú ilé-ọmọ kò tíì nípọn tó, tàbí prójẹ́sítírọ́ònù ti yára gòkè, àti pé kí a fi ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù nini di oṣù mìíràn, kí wọ́n má ka oṣù yẹn sí òfò: apá kan ìtọ́jú náà ni.