Kí Ló Dé Tí DVD Eré Àtijọ́ Fi Ń Há?

Ẹ̀yin ará wa ní Warri, Effurun àti agbègbè, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàrin ẹni tó ń ta DVD àti ẹni tó ń rà á. Èèyàn á ra gbogbo apá eré àtijọ́ kan, kí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí síbí lè gbọ́ Yorùbá gidi létí. Á délé, àwòrán ń gbọ̀n, ohùn ń lọ sókè sódò, apá kẹrin ò sí níbẹ̀ rárá. Á dá a padà, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, bákan náà ni. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ ká wẹ̀yìn wò, torí ọ̀pọ̀ àléébù yìí ti wà kí DVD tó dáyé.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn. Lórí tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀pọ̀ wa ti mọ Baba Sàlá àti Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí. Ní 1968, Village Headmaster bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Fọ́nrán wọ́n bí ojú nígbà náà. Tí wọ́n bá ti fi eré hàn tán, wọ́n sábà máa ń pa á rẹ́, kí wọ́n lè gba òmíràn sórí rẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan o. BBC náà pa ọ̀pọ̀ apá Doctor Who ti àwọn ọdún 1960 rẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta ẹ̀dà rẹ̀ sókè òkun, ilẹ̀ wa náà sì rà. Ní 2013, wọ́n kéde pé Philip Morris, òyìnbó kan láti ìlú ọba, rí àwọn agolo fíìmù rẹ̀ ní yàrá ìkẹ́rùsí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jos. Apá mẹ́sàn-án tí BBC fúnra rẹ̀ ò ní mọ́ ló wà níbẹ̀! Nígbà tí ọ̀kan nínú eré náà, The Web of Fear, jáde lórí DVD ní 2014, apá kẹta rẹ̀ ṣì sọnù. Fọ́tò tí ò mira ni wọ́n tò síbẹ̀, wọ́n fi ohùn sí i.

Tiwa ńkọ́? Èyí tó ṣẹ́kù nínú ọ̀pọ̀ eré wa ni èyí tí ẹnì kan gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò nílé rẹ̀. Wọ́n dà á kọ láti kásẹ́ẹ̀tì sí kásẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì dà á kọ ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣá sí i. Ó di VCD, ó di DVD. Àwọn páírétì wá ń kó fíìmù 20 sórí àwo kan ṣoṣo. Àwo DVD tó wọ́pọ̀ ò gbà ju 4.7 GB lọ, bíi wákàtí méjì àwòrán tó dáa. Kí 20 tó lè wọ̀ ọ́, wọ́n ní láti fún un pọ̀ mọ́ra, ojú àwọn eléré á wá di bàìbàì. Iṣẹ́ páírétì yìí kan náà ló ba ọjà Ọ̀run Móoru jẹ́ mọ́ Baba Sàlá lọ́wọ́, fíìmù tó gbé jáde ní 1982.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá oníṣọ́ọ̀bù jà, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àwo náà láti àárín lọ sí etí, ẹ má nù ún yípo. Ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ míì. Tó bá tún há níbi kan náà, àwo ló bàjẹ́, ẹ dá a padà. Ṣùgbọ́n tí àwòrán bá ń gbọ̀n, tí ìlà ń sáré nísàlẹ̀ rẹ̀, àìsàn kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá pààrọ̀ fún yín náà á ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, kásẹ́ẹ̀tì fídíò tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ má dà á nù. Ọ̀rinrin ìlú wa yìí ò ní jẹ́ kó pẹ́. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kó bá yín gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì sọ fún wa nípàdé. Ilẹ̀ wa bá òyìnbó tọ́jú tiwọn láìmọ̀. Ta ló máa bá wa tọ́jú tiwa?