Ríìmù Tó Wọ Ẹ̀wù Mẹ́ta: Ìtàn Ríìmù Álọ́ì ní Aláúsá

Ọkọ̀ Camry kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ló ni ín, irú èyí tí gbogbo Èkó ń pè ní "Muscle". Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lápá ọ̀tún kì í gba afẹ́fẹ́ dúró. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ láàárọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti rọ̀. Fọ́kánáísà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti ki táyà náà bọ omi, wọn ò rí ihò kankan. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ àgbà oníṣẹ́ kan lẹ́yìn Aláúsá, níbi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Àgídìngbí, bàbá náà kò tilẹ̀ wo táyà. Ó bọ́ ọ kúrò, ó fi èékánná ha inú ríìmù, ó wá wojú wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ríìmù yín yìí ti wọ ẹ̀wù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká bọ́ ẹ̀wù náà ká rí ara rẹ̀."

Ó fi kẹ́míkà tí ń bó ọ̀dà pa á. Àwọ̀ fàdákà ló kọ́kọ́ ká kúrò, dúdú tẹ̀ lé e, fàdákà mìíràn tún wà lábẹ́ dúdú. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ la ti rí bọ́dìfílà tí wọ́n fi dí ojú kan, àti ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀, ó gùn tó ìka àárín. Ẹ̀gbẹ́ ojú jíjó náà ti tún sán. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ẹni tó sì ta ríìmù náà fún ẹ̀gbọ́n wa ti búra pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án rí.

Ìtàn ogun àti ìtàn ọba la sábà máa ń kọ síbí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè tí bàbá náà gbé lé wa lọ́wọ́ la fẹ́ tọ̀: báwo ni iṣẹ́ títún ríìmù ṣe ṣe di iṣẹ́ ní agbègbè Ìkẹjà, kí ló sì dé tí ẹwà tí wọ́n ń kùn sí i fi ń tètè ṣí?

Kí ilé-iṣẹ́ tó dé, oko ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, obì àti kòkó ló kún ilẹ̀ Agége, J. K. Coker sì wà lára àwọn àgbà olóko ibẹ̀. Ojú irin tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba àárín àwọn oko náà kọjá. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ń wá ibi tí yóò kó ilé-iṣẹ́ jọ sí, ilẹ̀ Ìkẹjà ló bọ́ sí i lọ́wọ́: ó sún mọ́ èbúté, ojú irin wà níbẹ̀, pápákọ̀ òfurufú náà wà níbẹ̀, ilẹ̀ náà sì wà lábẹ́ àṣẹ Ìbàdàn nígbà yẹn, kì í ṣe ti Èkó. Ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ni Ìkẹjà bọ́ kúrò lọ́wọ́ Ìwọ̀-Oòrùn. Orúkọ Ọba Akran tó wà lára títì ńlá ibẹ̀ ṣì ń rán ni létí: ọba Badagry ni, ó sì jẹ́ mínísítà nínú ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn.

Ẹ wo ohun tó wà lórí títì kan ṣoṣo yẹn àti àyíká rẹ̀. Dunlop ń ṣe táyà. Berger ń po ọ̀dà. Tower ń fi alumíníọ̀mù ṣe ìkòkò. Rọ́bà, ọ̀dà àti alumíníọ̀mù: gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òde òní ń fẹ́ ló wà ládùúgbò kan náà. Àmọ́ wọn kò tíì pàdé ara wọn. Irin ni ríìmù ọkọ̀ ìgbà náà. Nígbà tí owó Udoji dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, tí Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ ní 1975, tí Peugeot náà ń to tirẹ̀ ní Kàdúná, ríìmù irin tó ní ìdérí wínníwínní ló wà lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Bí ó bá wọ kòtò tó tẹ̀, òòlù ni wọ́n fi ń lù ú padà. Irin máa ń dárí ji òòlù. Bí ó bá dógùn-ún, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun ọ̀dà fàdákà sí i, ó parí.

Ríìmù alumíníọ̀mù ti pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ. Ọdún 1924 ni Bugatti gbé Type 35 lọ síbi eré ìje ní Lyon, nílẹ̀ Faransé, pẹ̀lú ríìmù alumíníọ̀mù tí wọ́n rọ pọ̀ mọ́ ilé bíréèkì rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ìje àti ti olówó. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ àgbà á rántí V-Boot, Mercedes tí ríìmù rẹ̀ ní ihò 15 yíká bíi ti abọ́ asẹ́. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn fi ríìmù náà ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní ó jọ ìdérí kòtò ojú títì. Kò sẹ́ni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbí o. Ẹni tó bá gun V-Boot ti dé ibi tó ń lọ.

Ohun tó wá kó ríìmù álọ́ì dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ̀kúnnù ni SAP ti 1986. Náírà já lulẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmọ́jú, tòkunbọ̀ sì gba ìgboro. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí gba èbúté Èkó wọlé, wọ́n gba Kùtọ̀nù àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, títí ìjọba àpapọ̀ fi fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ọ̀pọ̀ wọn bá ríìmù álọ́ì wá, ríìmù tí ẹ̀gbẹ́ títì Yúróòpù ti ha, tàbí tí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òjò dídì ní Amẹ́ríkà ti jẹ. Láti Ládípọ̀ ní Múṣin títí dé Agége, iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ríìmù bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi sí i, tí táyà sì ń tín-ín-rín sí i. Accord tí wọ́n sọ ní "End of Discussion" kò pé kó tún wọ íǹṣì 18. Táyà tó tín-ín-rín kì í lè gba ìyà kòtò mọ́ra, ríìmù ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Ríìmù álọ́ì kì í ṣe alumíníọ̀mù lásán. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní sílíkọ́ọ̀nù bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún àti máńgánísíọ̀mù díẹ̀, tí kò tó ààbọ̀ ìdá kan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá rọ ọ́ tán, wọ́n á kó o sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 540 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á rì í sómi lójijì, wọ́n á tún wá yan án jẹ́jẹ́ ní nǹkan bí 150 sí 170. Iná mẹ́ta yẹn ló fún un lágbára. A lè ní inú ààrò ni wọ́n ti bí i lẹ́ẹ̀kejì.

Nígbà tí ó bá wá wọ́, kí ni wọ́n ń fi tọ́ ọ níbí? Iná gáàsì àti jáàkì. Irin máa ń pọ́n kó tó rọ̀, o máa rí i. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ó lè wà bó ṣe wà títí yóò fi yọ́ lójijì. Nítorí náà ni àwọn oníṣẹ́ fi máa ń kun ọṣẹ sí i. Bí ọṣẹ bá dúdú, wọ́n mọ̀ pé ó ti rọ̀ tó, wọ́n á wá tì í. Ọgbọ́n gidi ni, a ò sì fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tó dúdú yẹn kan náà ló ń sọ pé ibẹ̀ ti pàdánù agbára tí ààrò ilé-iṣẹ́ fún un. Bí wẹ́dà bá tún jó o, ọ̀rọ̀ náà ń burú sí i ni. Títẹ̀ díẹ̀ ní etí ìta, a lè tọ́ ọ láìlo iná rárá. Èyí tó bá ti sán nínú, tàbí ní apá tó so àárín mọ́ etí, ọ̀dà kò ní nǹkan ṣe sí i. Ọ̀dà á kàn jẹ́ kí ẹlòmíì rà á ni. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa lórí èyí. Ọ̀kan nínú wa ní ta ló lówó ríìmù tuntun lásìkò yìí? Òdodo ni. Àmọ́ ọkọ̀ Camry yẹn ló ń gbé ìyá rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ní oṣooṣù.

Ti ọ̀dà wá kù. A bi bàbá náà pé ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń lò lára ríìmù. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀dà tí wọ́n ń fi tíńnà lásán pò, òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan ni, nítorí tíńnà tó gbé e wá náà ló lè gbé e lọ. Èyí tí wọ́n po hádínà mọ́, tí wọ́n sì kun ọ̀dà aláìláwọ̀ lé lórí, a máa lo ọdún méjì sí mẹ́ta, bí wọ́n bá ha ìdí rẹ̀ mọ́ dáadáa kí wọ́n tó kùn ún. "Bí" yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ìpata alumíníọ̀mù kì í pupa bíi ti irin. Funfun ni, ó ń rìn lábẹ́ ọ̀dà bí ìdin, ó sì kàn ń wú u sókè. Ríìmù tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé ojú rẹ̀ kó lè máa dán ló tètè ń rí i jù, torí ọ̀dà aláìláwọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó. Òkúta kékeré kan tó bá ta sí i ti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ fi ìyẹ̀ irin gbígbóná tí ń bọ́ lára bíréèkì kún un, ẹ fi atẹ́gùn òkun Èkó kún un. Ẹ wá fi àwọn tó ń fọ mọ́tò kún un, tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì fọ ríìmù kó lè tètè mọ́. Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù bí ẹní jẹ àkàrà ni.

Ọ̀dà tó lọ́jọ́ lórí jù ni ti lẹ́búlẹ́bú. Iná mànàmáná ni wọ́n fi ń jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ ríìmù, wọ́n á wá yan án nínú ààrò ní nǹkan bí 180 sí 200 títí yóò fi yọ́ kan ara rẹ̀. Ó lè lò ju ọdún márùn-ún lọ. Àwọn kan ń ṣe é ní Ìkẹjà, fèrèsé alumíníọ̀mù àti àga ni wọ́n sì ń kùn jù. Kí ló dé tí kò fi kárí àwọn oníríìmù? Ààrò náà ń fẹ́ iná tí kò ní lọ láàárín ìyan. A dá NEPA sílẹ̀ ní 1972, a sọ ọ́ di PHCN ní 2005, a tà á fún àwọn aládàáni ní 2013, jẹnẹrétọ̀ ṣì ń pariwo lẹ́yìn gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Owó iná àti táyà òkèèrè tó ń wọlé wà lára ohun tí Dunlop fi ṣíwọ́ táyà ṣíṣe ní 2008. Bàbá wa yìí náà, ilé-iṣẹ́ kan tí kò sí mọ́ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ léètì gé irin. Nígbà tí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, ó kó ọwọ́ rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ohun tó mọ̀ pọ̀ ju ohun tí iná rẹ̀ lè ṣe lọ.

Kò gbà láti kun ríìmù wa. Ó fi òòlù fọ́ etí rẹ̀ lójú wa kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e tà, ó sì jù ú sórí òkìtì tí àwọn tó ń ra irin àlòkù máa ń wá kó lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á yọ́ ọ, ó ṣeé ṣe kó di ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n wa fajú ro títí a fi dé Ọgbà. Ríìmù mẹ́ta tó kù kò sán, bàbá sì ti ha wọ́n mọ́, ó fi ọ̀dà oníhádínà kùn wọ́n. A ti kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Ẹ bi wá léèrè lọ́dún tó ń bọ̀.