Orúkọ Tí Wọ́n Ń Pè Nínú Òkùnkùn

Ní Yad Vashem, Jerúsálẹ́mù, ilé ìrántí kan wà fún àwọn ọmọ Júù bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí ìjọba Nazi ilẹ̀ Jámánì àti àwọn alájọṣe rẹ̀ pa. Ọdún 1987 ni wọ́n ṣí i. Abraham àti Edita Spiegel, tí wọ́n pa Uziel ọmọ wọn ní Auschwitz, ló fowó sílẹ̀ fún kíkọ́ rẹ̀.

Inú òkùnkùn ni àlejò ń gbà kọjá. Dígí sọ iná àbẹ́là díẹ̀ di púpọ̀ bí ìràwọ̀. Ohùn kan ń pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí rẹ̀ àti orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Júù ti ń sunkún. Ọ̀pọ̀ Júù tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù a máa fi orúkọ ẹbí tó ti kú sọ ọmọ tuntun. Nítorí náà, àlejò lè gbọ́ orúkọ tí òun gan-an ń jẹ́. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó.

Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ọmọ ló yẹ kó sin òbí, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti pa òbí pọ̀ mọ́ ọmọ, ta ni yóò sin ta? Àwa akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ti ka iye òkú tán, ó ku orúkọ.