Kọnsatínà Àlòkù: Èwo Ni Ká Fi Kọ́ Iṣẹ́ Àtúnṣe?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣe físíìsì, ẹ ò lè gbàgbé Wheatstone Bridge: wáyà gbọọrọ lórí pákó, tí abẹ́rẹ́ mítà á máa sáré sọ́tùn-ún sósì títí tíṣà á fi pariwo mọ́ wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé Charles Wheatstone kọ́ ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀? Samuel Hunter Christie ló gbé e jáde ní 1833. Wheatstone kàn sọ ọ́ di mímọ̀ ní 1843 ni. Èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an, tó ti inú òwò ìdílé rẹ̀ wá, nítorí ohun èlò orin ni wọ́n ń ṣe tà, ni kọnsatínà.

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, àpótí kékeré méjì ni, onígun mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú ẹwìrì láàárín wọn, bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ẹ fà á, ẹ tẹ̀ ẹ́ pọ̀, afẹ́fẹ́ á gba ara ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá, ahọ́n á gbọ̀n, ohùn á dún. Ìbátan ni òun àti àkọ́díọ̀nù tí olóògbé I. K. Dairo fi dárà nínú jùjú, tí gbogbo wa jó sí.

Carl Uhlig, ará Chemnitz ní Jámánì, ti ṣe tirẹ̀ ní 1834. Bọ́tìnì kan, ohùn méjì: ọ̀kan nígbà tí ẹ bá fà á, òmíràn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ti Wheatstone, tó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní London ní 1844, ohùn kan náà ló ń mú wá níhà méjèèjì. Àwọn olówó ló kọ́kọ́ ń rà á. Ẹni tó mú un dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù ni Louis Lachenal, ará Switzerland tó ti bá Wheatstone ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ ló fi ń gé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ó kú ní 1861, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ń bá a lọ títí di àwọn ọdún 1930, kí àkọ́díọ̀nù àti ẹ̀rọ agbóhùn tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìdí rèé tí ti Lachenal fi pọ̀ nínú àjà ilé àwọn Gẹ̀ẹ́sì títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìn tì, tí ẹ ń wá iṣẹ́ ọwọ́ tí kò ní jẹ́ kí ojúmọ́ gùn jù, òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wá: oníbọ́tìnì 20, onígi mahogany, tí ahọ́n rẹ̀ jẹ́ idẹ. Kò lókìkí, ìdí tó fi pọ́ọ́kú nìyẹn. Ahọ́n 40 péré ló wà nínú rẹ̀. Oníbọ́tìnì 48 ti Wheatstone, 96 ni. Síkúrù ni wọ́n fi dè é, ahọ́n kọ̀ọ̀kan sì ń yọ jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí dúrọ́ọ̀. Ẹ ó tú u, ẹ ó sì tò ó padà. Àwọn gbàǹjo ti Jámánì ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ahọ́n mélòó kan ló jọ wà lórí páálí irin kan ṣoṣo, wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù lẹ inú rẹ̀ mọ́ra. Ká má parọ́, ẹ ò ní rí ẹ̀kọ́ púpọ̀ kọ́ níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé e sókè ní ọwọ́ kan, kí ìdajì kejì so rọ̀. Bí ẹwìrì bá já wálẹ̀ wìì láìtẹ bọ́tìnì, afẹ́fẹ́ ń jò. Ihò kékeré kò burú, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ á dí i. Ṣùgbọ́n bí igi ẹ̀gbẹ́ bá ti fọ́ yángá, tàbí tí ahọ́n bá ṣófo nínú ilé rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún onítọ̀hún o jàre.

Ohùn tó yadi kò tíì kú. Ìdọ̀tí lásán ló sábà máa ń há sábẹ́ ahọ́n. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a jáde. Bọ́tìnì tó rì, tí kò sọ padà, sípíríǹgì rẹ̀ ló ti ṣẹ́ tàbí tó ti yẹ̀. Èyí tó ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀, ẹ wo ewé awọ tó bo ihò ahọ́n, bóyá ó ti ká kò.

Fáìlì ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ẹ bá há orí ahọ́n, ohùn á lọ sókè. Bí ẹ bá há ìdí rẹ̀, á wálẹ̀. Idẹ tó bá ti lọ kì í padà wá. Ọ̀pọ̀ kọnsatínà àtijọ́ ni wọ́n sì to ohùn rẹ̀ ga díẹ̀ ju ti òde òní lọ. Ẹni tí kò mọ̀ á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, á ní gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, á wá máa há ohun tí kò ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi àwọn ohùn rẹ̀ wé ara wọn. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára igi nínú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fi nǹkan pa á rẹ́; òun ni wọ́n fi ń mọ àsìkò tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó bá sì ní èyí tó ń dá a láàmú, kó mú un wá sí àpéjọ tó ń bọ̀. Màá mú fáìlì mi dání, ṣùgbọ́n bébà la ó kọ́kọ́ lò.